Aṣọ fàdákà nínú àgbàlá Alhaja: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ẹgbẹ́ olólùfẹ́ orin kan ní Tanke

Mo kọ èyí fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jọ tèmi: agbani-nímọ̀ràn, olùdarí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, àti ẹnikẹ́ni tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń sá tọ̀ nígbà tí ilé bá gbóná fún wọn. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan. Mo ti pa àwọn nǹkan kéékèèké dà kí ojú má baà dá ẹnikẹ́ni mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra ni mo ṣe tò ó. Ibi tí èmi fúnra mi ti ṣi ẹsẹ̀ gbé wà nínú rẹ̀. Mi ò yọ ọ́ kúrò, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n jù.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀

Ní Tanke, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, télọ̀ kan wà tó ń rán aṣọ tọkùnrin tobìnrin. Inú àgbàlá Alhaja kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tí Beyoncé, olórin Amẹ́ríkà, fẹ́ gbé àwo orin rẹ̀ Renaissance jáde ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2022, télọ̀ yìí àti àwọn mẹ́jọ mìíràn dá owó dátà jọ, wọ́n ra epo sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n jókòó sáàárín àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ń retí kí agogo méjìlá òru lù. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí olórin náà kì í ṣe tòní. Ní 2019, nígbà tó ṣe àwo orin tó bá fíìmù The Lion King rìn, ó pe Wizkid, Tiwa Savage, Yemi Alade àti Burna Boy sínú rẹ̀. Nínú èyí tuntun náà, Tems wa wà níbẹ̀.

Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ló di ẹgbẹ́. Ní ìparí ọdún, wọ́n ti di 47 lórí WhatsApp, àwọn bí ogún sì máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, onídìrí wà, olùkọ́ wà, ọmọ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ wà. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n á gbọ́ orin, wọ́n á kọ́ ijó, wọ́n á ra wàrà àti kúlíkúlí, wọ́n á jà lórí orin tó dùn jù, wọ́n á sì túká kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n gbé fújì sí i, wọ́n á gbé Kollington, ọmọ Ìlọta tiwa, wọ́n á tún jó ìyẹn náà.

Ìbéèrè kan báyìí ló yí nǹkan padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bèèrè pé kí ló dé tí ìlù inú àwo yìí kò jọ èyí tí olórin náà máa ń lò tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ tó wà láàárín wọn dáhùn. Ó ní orin house ni, Chicago ló ti ṣẹ̀ wá, ní ilé ijó kan tí wọ́n ń pè ní Warehouse, níbi tí Frankie Knuckles ti ń gbé orin sí i láti 1977, àti pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jẹ́ akọsákọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jó níbẹ̀, torí ibòmíràn kò gbà wọ́n. Ó tún sọ pé Beyoncé ya àwo náà sọ́tọ̀ fún ẹbí rẹ̀ kan tó ń pè ní Uncle Jonny, akọsákọ tí àrùn HIV bá jà. Ó ní Uncle Jonny yìí ló kọ́kọ́ mú Beyoncé mọ irú orin wọ̀nyẹn, òun náà ló rán aṣọ tí Beyoncé wọ̀ lọ sí ijó àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

“Télọ̀ ni?” Bọ̀ọ̀dá télọ̀ ló bèèrè bẹ́ẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

“Télọ̀ ni o.”

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ kan, ọmọ 20 ọdún tí kì í sábà sọ̀rọ̀, na ọwọ́ sí fóònù tó wà lórí tábìlì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un gbé.” Wọ́n tún un gbé, wọ́n sì jó o dé ìparí.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó jẹ́wọ́ ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó bèèrè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé wọ́n sọ ìtàn yẹn láàárín ogún ènìyàn ní Ìlọrin, kò sì sí ẹni tó pòṣé. Fún ọmọ tí ìpòṣé ti ń lù létí láti kékeré, nílé, ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, nínú ọkọ̀, ohun ńlá nìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, mẹ́ta nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ olólùfẹ́ wọn láàárín ẹgbẹ́ bí gbogbo èèyàn yòókù ṣe ń sọ tiwọn.

Èdè wa ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá kì í fi “ó” ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ọmọbìnrin kan lè sọ pé “ẹni mi bínú sí mi lánàá, kò gbé fóònù mi,” gbogbo ilé á bá a dá sí i, wọ́n á gbà á nímọ̀ràn, kò sì ní sí ẹni tó mọ̀, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ kó mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó ń bọ̀ níwájú.

Ohun tí òfin sọ nìyí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ọdún 10 ló wà fún ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó darí rẹ̀, tàbí tó kópa nínú rẹ̀. Ní Kwara, Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti apá Àríwá, tún wà, òun náà sì ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tirẹ̀ fún irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ wa gbọ́dọ̀ mọ àwọn ọdún yìí lórí. Kò sí òfin kankan, ẹ̀wẹ̀, tó ní kí èèyàn má fẹ́ràn olórin, kí ó má sì bá ẹlòmíràn jókòó gbọ́ ọ. Inú àlàfo yẹn ni ẹgbẹ́ yìí ń gbé, wọn ò sì mọ̀.

Ẹ má sọ ọ́ níbí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìjánu já. Ẹnikẹ́ni tó bá rí líǹkì WhatsApp ẹgbẹ́ náà lè wọlé nígbà yẹn. Ẹnì kan wọlé, ó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa Temmie Ovwasa, olórin tí wọ́n bí ní Ìlọrin níbí, tó gbé àwo orin jáde ní 2020 tó fi kọrin ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin láìfi bò. Ẹni yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbogbo wọn. Àwọn olùdarí yọ ọ́, ṣùgbọ́n àyà wọn ti já. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kọ òfin kan sókè pátápátá: “Ọ̀rọ̀ orin nìkan. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ LGBTQ níbí,” ìyẹn ọ̀rọ̀ akọsákọ, abosábo àti irú wọn.

Èrò rere ló mú wọn ṣe é, wọ́n fẹ́ dáàbò bo gbogbo wọn ni. Àmọ́ etí tó gbọ́ ọ kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó máa ń wá ní Sátidé wálẹ̀ láti ogún sí mẹ́jọ. Ọmọ onígbàjámọ̀ kò wá mọ́. Nígbà tí télọ̀ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó bi í pé ṣé kò sí nǹkan, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti ní ká má wá.” Télọ̀ ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kí i, ó lọ.

Ìgbà yẹn ni télọ̀ wá bá mi.

Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbani-nímọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà náà, mo sì ní ìdáhùn kan tí mo máa ń fún gbogbo èèyàn: ẹ ya àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ́tọ̀, kí wọ́n ní ibi tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ lórí WhatsApp, kí àwọn tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ wọ̀ ọ́, kí èmi náà wà níbẹ̀, kí wọ́n lè bá mi sọ ohun tó bá ń dùn wọ́n. Mẹ́tàlá ló wọlé. Àwa fúnra wa ló sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì fi ohun tó jẹ́ hàn fún ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ níbẹ̀, torí ó jọ pé ọ̀rọ̀ ìgbani-nímọ̀ràn ní láti jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Àwọn tó fara sin láàárín 47, tí ẹnikẹ́ni ò lè tọ́ka sí, ni mo yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tò wọ́n sójú kan pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, torí gbogbo ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ló ń rí nọ́ńbà ara wọn. Mo ṣe àkójọ orúkọ. Ẹgbẹ́ orin tí òfin kò rí nǹkan kan sọ sí ni mo yọ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, irú èyí tí òfin 2014 ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Ìfẹ́ àtiṣe rere ni, àti àìbéèrè ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí n tó là wọ́n lọ́yẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó fi wà kí screenshot, àwòrán ojú fóònù, tó jáde. Títí di òní a ò mọ ẹni tó yà á. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan: ọmọ onígbàjámọ̀ ń sọ pé ẹnì kan wù ú. Ká ní Yorùbá ló fi kọ ọ́ ni, “ó wù mí” kì bá tí sọ nǹkan kan fún ẹni tó kà á. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tó fi hàn pé ọkùnrin ni. Orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kító

Ohun tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kító: kí ẹnì kan fi ọ̀rẹ́ tàbí ìfẹ́ bojú, kó fà ọ́ mọ́ra, kó wá fi àṣírí rẹ gba owó lọ́wọ́ rẹ. Ẹnì kan kọ̀wé sí ọmọ náà pé inú ẹgbẹ́ lòun ti mọ̀ ọ́n, ó sì pe ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é láàárín wọn. Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ dídùn. Ní ọjọ́ kẹjọ, ohùn yí padà: kó fi 20,000 náírà ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ní Ọ̀ffà á rí gbogbo rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní 50,000. Ó yá a lọ́wọ́ onídìrí kan, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n wá ní 150,000.

Agogo mẹ́wàá kọjá lálẹ́ nígbà tó kan ilẹ̀kùn télọ̀. Télọ̀ pè mí, mo pe lọ́yà kan, obìnrin tó máa ń gba ẹjọ́ àwọn ayálégbé àti àwọn ọmọ iṣẹ́. Kí ó tó dé, ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi èékánná fa òwú kan yọ lára aṣọ oníbàárà tó wà nítòsí rẹ̀, ó ń fà á, ó ń fà á. Télọ̀ kò gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn fa àpótí tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó jókòó tì í.

Lọ́yà kò bèèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo akẹgbẹ́ mi gbọ́ èyí dáadáa: kò bèèrè, kò sì nílò rẹ̀. Ìbéèrè tó bi í ni pé, “Ta ló gba owó lọ́wọ́ rẹ? Àkáǹtì wo lo san án sí?” Nígbà tí èèyàn bá ń fi owó ránṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì máa ń jáde. Orúkọ náà wà lórí rìsíìtì méjèèjì. Ó ní kó má san kọ́bọ̀ mọ́, torí ẹni tó bá san án lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ olè náà pé owó wà níbẹ̀. Kó má bú u, kó má bẹ̀ ẹ́, kó má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Ó yàwòrán gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò rẹ̀. Ó wá kọ̀wé sí ẹni náà láti orí nọ́ńbà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lọ́yà: orúkọ rẹ nìyí, àkáǹtì rẹ nìyí, iye tí o gbà àti ọjọ́ tí o gbà á nìyí, fífi fóònù halẹ̀ mọ́ èèyàn láti gba owó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Cybercrimes ti ọdún 2015, a ní gbogbo ẹ̀rí lọ́wọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ akọsákọ kankan nínú lẹ́tà náà.

A ò kọ́kọ́ gba tẹ́ṣàn lọ. Lọ́yà ṣàlàyé ìdí rẹ̀: bí wọ́n bá gba fóònù ọmọ náà wò, ẹni tí wọ́n jà lólè lè di ọ̀daràn lójú wọn. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 dáàbò bo ìwé àti ìbánisọ̀rọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ó mọ ìyẹn ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tọ́ tí o máa gbà padà ní kóòtù lẹ́yìn ọdún méjì kò lè gbà ọ́ lálẹ́ òní. Tó bá di dandan láti lọ, òun ló máa ṣáájú.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Ọwọ́ kò sì tẹ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ kó tó pòórá, ó ti fi screenshot náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọmọ náà. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí ọmọ yẹn ṣe fìrídọ́ọ̀mù, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó ń pọnmi, tó ń gé irun. Ọ̀gá rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ síta. Kò sí lẹ́tà lọ́yà kankan tó lè dá ìyẹn padà.

Alhaja

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa rò pé ẹgbẹ́ ti tú. Ìròyìn ti kan àgbàlá. Ayálégbé kan ti lọ bá Alhaja pé àwọn tó ń kó ara wọn jọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kì í ṣe ọmọ gidi. Mẹ́fà ló wá lọ́jọ́ náà, ọmọ onígbàjámọ̀ wà lára wọn torí kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Wọn ò gbé orin kankan sí i. Alhaja jáde láti inú ilé, ó tẹ̀lé ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ó rò pé ó wá sọ fún òun kí òun kó kúrò ni.

Alhaja wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ṣé ẹ ti jẹun?”

Wọn ò lè dáhùn. Ó ní kí ọmọbìnrin kan wọlé lọ gbé tùwó tó wà nínú kúlà. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò gbé orin. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún wọn nípa ìgbà èwe rẹ̀, ayé wákà, ayé Bàtílì Alákè, nígbà tí òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń dá ankọ́, tí wọ́n á jọ lọ sí òde níbi tí wákà bá wà. Ó ní ilé ọkọ ń ta àwọn kan nínú wọn lójú nígbà náà, àwọn kan kò bímọ, àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ ọkọ rárá, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n. “Nígbà tí a bá ti wọ ankọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo wa. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n lé yín kúrò nídìí orin yín.”

Mi ò mọ bí ohun tó mọ̀ ṣe tó. Mi ò bi í, ẹ̀yin náà ẹ má bi irú wọn. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó gbà ọ́ torí pé ó fara mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ àti ẹni tó gbà ọ́ torí pé ọmọ tó wà nínú àgbàlá òun ni ọ́. Èkejì ló pọ̀ jù ní ìlú wa, a sì máa ń fojú kéré rẹ̀, a máa ń fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaja ní kí ọmọ náà gbé àga kan sí iwájú ilé òun kó máa gé irun níbẹ̀. Ẹgbẹ́ dá àjọ, wọ́n ra klípà àti dígí fún un. Ayálégbé tó lọ fẹjọ́ sùn ni oníbàárà rẹ̀ kẹta.

Bí wọ́n ṣe tún un kọ́

Àwọn fúnra wọn ló tún un kọ́. Mo wà níbẹ̀, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Wọ́n tú ẹgbẹ́ kékeré náà ká, gbogbo wọn padà sínú ẹgbẹ́ orin. Wọ́n nu òfin “ẹ má sọ ọ́ níbí” kúrò, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: a kì í bi ẹnikẹ́ni ní ẹni tó fẹ́ràn, a kì í sì sọ tẹlòmíràn níta. Òfin náà de gbogbo wọn, kò ya ẹnì kankan sọ́tọ̀. Wọ́n pa líǹkì rẹ́. Ẹni méjì tó ti pẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tuntun lójú kí wọ́n tó fà á wọlé. Wọ́n ṣètò kí ọ̀rọ̀ máa pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje. Wọ́n mọ̀ pé ìyẹn kò dí screenshot lọ́wọ́, torí náà ohun tó bá jinlẹ̀ di ohun tí wọ́n ń sọ lójúkojú, ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí orin ń lọ lókè. Lára àjọ Sátidé, wọ́n ń ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún alẹ́ tí ẹnì kan bá tún kan ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà lọ́yà di ohun tí wọ́n mọ̀ lórí, wọn ò fi pamọ́ sínú fóònù.

Èmi náà yí iṣẹ́ mi padà. Ìwé tí mo ń kọ orúkọ sí, mo jó o. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ á wá jókòó tì mí nígbà tí wọ́n bá ń jó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wá sọ̀rọ̀ ìlera, tó kan HIV àti àyẹ̀wò rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tọkùnrin tobìnrin, kò sí ìpàdé ọ̀tọ̀. Ẹni tó nílò rẹ̀ gbọ́ ohun tó nílò láàárín àwọn tí kò nílò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí agbára ẹgbẹ́ olólùfẹ́ orin, tí mo fẹ́ bà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kò kàn ni ògiri. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá torí ijó nìkan, onídìrí tó wá torí ọkùnrin tó wù ú, àwọn ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún ọmọ onígbàjámọ̀ láti wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó lè nàka sí i. Bí o bá yọ wọ́n kúrò kí ibẹ̀ lè mọ́ tónítóní, o ti wó ògiri náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ògiri gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ògiri lòun, èyí tí a ò tètè sọ fún wọn.

Ṣáínṣáín

Ní oṣù kẹjọ 2023, Beyoncé ní kí àwọn tó ń bọ̀ wá wo òun níbi eré wọ aṣọ aláwọ̀ fàdákà fún oṣù ọjọ́ ìbí òun. Kò sí ẹni tó máa dé Amẹ́ríkà nínú wọn, ni wọ́n bá pinnu pé àwọn á wọ tiwọn ní Tanke ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Òfì ni iṣẹ́ ìlú wa. Télọ̀ lọ bá àwọn ahunṣọ, ó ra àjákù ṣáínṣáín, òfì tó ń dán, aláwọ̀ fàdákà, ó kó o dé ṣọ́ọ̀bù nínú àpò sìmẹ́ńtì, ó ní kí oníkálukú wá wọn ara rẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ nígbà tó kan ọmọbìnrin kan, ọmọ 19 ọdún, ọmọ Ìgbómìnà. Télọ̀ na téèpù, ó bi í pé kí ló fẹ́. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, irú tiyín.” Bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin ló ń sọ. Télọ̀ ṣí ìwé rẹ̀. Ojú ìwé méjì ló máa ń lò, apá òsì fún obìnrin, apá ọ̀tún fún ọkùnrin, torí ibi tó ti ń wọn kò dọ́gba. Ó kọ orúkọ ọmọ náà sí apá ọ̀tún. Ó wọn èjìká, ó wọn àyà láìfún un, ó wọn gígùn ọwọ́, ó kúnlẹ̀ wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó ń pe nọ́ńbà náà jáde bó ṣe ń pe ti gbogbo èèyàn, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ ọ́. Kò gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tó parí, ọmọbìnrin náà kò kúrò níwájú dígí. Kò sí aṣọ kankan lára rẹ̀ ju èyí tó wọ̀ wá, ṣùgbọ́n ó dúró bí ẹni tó ti wọ̀ ọ́.

Nígbà tí télọ̀ dè é wò sí i lára lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ dáadáa tí kò ní ibi kankan lọ́kàn, ya fọ́tò gbogbo wọn, ó gbé e sórí status rẹ̀. Àǹtí ọmọbìnrin náà ní nọ́ńbà rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti wá mú un lọ sí Òmù-Àrán, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń mú un lọ síbi àdúrà láràárọ̀. Ọmọ tó ya fọ́tò náà sunkún dójú ikú. A ò ti kọ́ ọ pé ohun tó jẹ́ eré lójú tirẹ̀ lè jẹ́ odindi ayé ẹlòmíràn. A ti sọ ọ̀rọ̀ screenshot, a ò sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò. Láti ọjọ́ náà, gbogbo fóònù ń wọ inú agbọ̀n kan lẹ́nu ọ̀nà kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, Alhaja ló sì ń jókòó ti agbọ̀n náà.

A gbìyànjú láti dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Kò rọrùn, kò sì yọrí bí a ṣe fẹ́. Olùkọ́ inú ẹgbẹ́ ní ẹbí kan ní Òmù-Àrán tó lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá náà gbà kó padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní sáà tó ń bọ̀, bàbá kò gbà. A ò fipá wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tí ilé rẹ̀ ṣì ń fún un lóúnjẹ, èèyàn gbọ́dọ̀ ro ohun tó máa jẹ lọ́la kó tó bá ilé náà jà.

Wọ́n wọ aṣọ fàdákà wọn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án láìsí i níbẹ̀. Bùbá àti ṣòkòtò tirẹ̀ wà ní ìkọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ, òwú funfun tí télọ̀ fi dè é ṣì wà lára rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá, fóònù télọ̀ dún pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò mọ̀. Ohùn ọmọbìnrin náà ni, ó yá fóònù ẹnì kan ní ọjà. Ó kí i, ó kí Alhaja, ó bèèrè bí aṣọ òun ṣì wà. Télọ̀ ní ó wà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kó jọ̀ọ́, kó fi ínṣì kan kún ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà, òun ti ga sí i.